Ray Guy fi ẹsẹ̀ kan jẹun fọ́dún mẹ́rìnlá: Ẹ̀kọ́ ńlá ni fáwọn oníṣòwò kéékèèké

Nínú ọjà, alápatà làwọn oníbàárà ń rí, ta ló ń wo ẹni tó bá a pọ́n ọ̀bẹ? Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ ò bá mú, orí àtẹ lẹran máa wà, ọwọ́ alápatà á sì máa ro ó lásán. Irú iṣẹ́ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ yìí ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Ray Guy, fi ọdún 14 ṣe nídìí bọ́ọ̀lù wọn lọ́hùn-ún. Ìtàn rẹ̀ dùn, ó sì níbi tó ti korò. Apá méjèèjì ló yẹ kí ẹni tó ń ṣòwò kékeré gbọ́.

Ọjọ́ 22, oṣù kejìlá, ọdún 1949, ni wọ́n bí Ray Guy nílùú Swainsboro, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Punter ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tó ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí là ń sọ o. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni tiwọn, kì í ṣe ti tẹ́tẹ́.

Kí ni punter ń ṣe gan-an?

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kò rí roboto, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ló ṣe ṣóńṣó, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré. Ìgbà mẹ́rin péré ni òfin fún ẹgbẹ́ kan láti fi gbé e síwájú ní yáàdì 10, ìyẹn yáàdì kan náà táwọn aláṣọ fi ń wọn aṣọ. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún fún wọn ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i ṣe, ibi tí bọ́ọ̀lù bá wà gan-an ni alátakò yóò ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti di ìgbà kẹrin, tí ọ̀nà ṣì jìn, punter ni wọ́n máa ń pè wọlé. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn sí i, òun náà á jù ú sílẹ̀ lọ́wọ́, á sì fi ẹsẹ̀ gbá a kó tó kanlẹ̀, kó lè lọ jìnnà réré sí ọ̀dọ̀ àwọn alátakò. Bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìrìn tó kù fún alátakò kó tó lè gba àmì ti gùn gan-an.

Ní kúkúrú, ọjọ́ tí ọjà ò bá tà ni iṣẹ́ punter ń bẹ̀rẹ̀. Kì í mú èrè wọlé, àdánù ló ń dín kù. Gbogbo oníṣòwò ló mọ ẹni tó ń mú owó wọlé fún un. Àwọn mélòó ló mọ ẹni tí kì í jẹ́ kí owó jò lọ?

Wọ́n rà á nígbà tí ẹlòmíì ò kà á kún

Yunifásítì Southern Mississippi ni Ray Guy ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó dẹni tó ń gbowó nídìí rẹ̀. Lọ́dún 1972, ó gbá bọ́ọ̀lù kan tó lọ ní yáàdì 93, nígbà tó jẹ́ pé yáàdì 100 ni gbogbo pápá láti ojú ilé kan dé ìkejì. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Ó tún ń dáàbò bo ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ baseball pàápàá sì ń fẹ́ kó wá bá àwọn ju bọ́ọ̀lù.

Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń tò tẹ̀ léra wọn láti mú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀. Ìpele àkọ́kọ́ ni ojúlówó ọjà máa ń wà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń mú níbẹ̀. Títí di ọdún 1973, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì fi àǹfààní ìpele àkọ́kọ́ mú ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ punter nìkan ni wọ́n fẹ́ kó wá ṣe. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ Oakland Raiders, èyí tí Al Davis ń darí, tí John Madden sì jẹ́ kóòṣì rẹ̀, mú Ray Guy. Òun ni ẹni kẹtàlélógún tí wọ́n mú nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ọdún yẹn.

Ohun táwọn yòókù ń rà gẹ́gẹ́ bí ènì, Raiders rà á bí ojúlówó ọjà. Ife-ẹ̀yẹ Super Bowl mẹ́ta ni wọ́n gbà nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn: ti oṣù kìíní ọdún 1977, ti 1981 àti ti 1984.

Ó jìnnà, ó tún pẹ́ lókè

Ọ̀pọ̀ èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ohun tó mú Ray Guy yàtọ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tirẹ̀ máa ń pẹ́ lójú ọ̀run kó tó balẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ jìnnà, àmọ́ tó tètè balẹ̀, alátakò á he é, á sì sáré padà kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá pẹ́ lókè, àwọn ẹgbẹ́ punter á ti sáré débẹ̀, wọ́n á ti yí ẹni tó fẹ́ gbà á ká.

Èyí kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọjà àwìn. Ẹni tó kó ọjà ránṣẹ́ sí ìlú mẹ́wàá láìní ẹni tí yóò tẹ̀ lé e lọ gba owó, bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Kí ọjà má sáré ju ẹsẹ̀ ẹni tó máa gba owó rẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀lù Ray Guy ń lọ sókè débi pé nínú ìdíje kan tí wọ́n ṣe ní pápá abẹ́ òrùlé nílùú New Orleans lọ́dún 1976, ó lọ kọlu tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sókè lójú pápá. Àwọn alátakò kan tiẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé gáàsì helium ni wọ́n ń fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù tó ń gbá. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni, kì í ṣe gáàsì.

Ẹni tí kì í pa iṣẹ́ jẹ

Láti ọdún 1973 títí dé 1986, ìdíje 207 ni Ray Guy gbá léraléra láìfo ẹyọ kan. Ìgbà 1,049 ló gbá bọ́ọ̀lù fún Raiders, mẹ́ta péré ni alátakò rí dínà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, yáàdì 42.4 ló ń bọ́ sí fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nínú Super Bowl ti ọdún 1984, wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan sí i tó ga kọjá orí rẹ̀. Ó fò sókè, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú un, ó sì gbá a bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Lónìí, àwọn mìíràn ti gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù ú lọ. Shane Lechler, tóun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Raiders lọ́dún 2000, ní tirẹ̀ ní yáàdì 47.6. Síbẹ̀, orúkọ Ray Guy kò parẹ́, torí kì í ṣe bó ṣe jìnnà tó nìkan ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà lè rí ẹni tó ń tà ní owó tó dín kù. Ẹni tí kì í jáni kulẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Ìyìn pẹ́ kó tó dé, gbèsè ò dúró dè é

Lọ́dún 1992, orúkọ Ray Guy dé ìpele ìkẹyìn àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà sínú Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí bọ́ọ̀lù nílùú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọn ò mú un. Léraléra ni orúkọ rẹ̀ ń padà wá, tó sì ń já sí pàbó. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń fi àmì ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá punter tó dára jù ní yunifásítì lọ́lá, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbà á wọlé, tó sì di punter àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ọdún 22 gbáko ló fi dúró.

Àmọ́ kí ìyìn yẹn tó dé ni ibi tó korò ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2011, Ray Guy lọ sílé ẹjọ́ pé apá òun ò ká gbèsè mọ́. Òrùka Super Bowl mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi òógùn ojú rẹ̀ gbà ni wọ́n tà ní gbàǹjo, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún 96 dọ́là tí wọ́n rí lórí wọn. Ọjọ́ tó wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí lọ́dún 2014, òrùka ti lọ. Ó kú lọ́jọ́ 3, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 72.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mú nínú rẹ̀

Àkọ́kọ́, kí oníṣòwò wo inú ilé iṣẹ́ rẹ̀, kó mọ ẹni tó jẹ́ punter níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń kọ ìwé gbèsè, ó lè jẹ́ mẹkáníìkì tí kì í jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ kú lọ́jọ́ ọjà. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá lọ kẹ́ ẹ tó mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ máa san fún un.

Ìkejì, iṣẹ́ tí ẹlòmíì ń fojú di lè jẹ́ ibi tí oúnjẹ wà, béèyàn bá ṣe é dójú ẹ̀, tí kì í sì í pa á jẹ.

Ìkẹta ló le jù. Mímọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí mímọ owó pa mọ́. Orúkọ rere kì í san gbèsè, àwọn tí wọ́n jẹ lówó kì í sì í dúró de ọjọ́ ìyìn. Ẹni tí ọjà ń tà fún lónìí, òní náà ló yẹ kó ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọjà, kó sì máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ de ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ò ní lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́.