Ẹ Má Ṣe Po Oògùn Oko Pọ̀ Láìmọ Ìwà Wọn

Ajílẹ̀ dára, eérú náà sì dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dára ni ó ń bá ara wọn gbé. Bí àwọn mìíràn bá pàdé, wọn a di nǹkan ọ̀tọ̀ tí ó lè ba owó yín jẹ́, tàbí kí ó gba ẹ̀mí.

Ẹ wo ajílẹ̀ tí a ń pè ní sulphate of ammonia. Bí ẹ bá pò ó mọ́ eérú, tí ọ̀rinrin sì dé sí i, òórùn kan yóò jáde tí ń ta imú, tí ń mú omi jáde lójú. Oúnjẹ tí ẹ rà fún àgbàdo yín ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ro eérú mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí ẹ tó fi ajílẹ̀ sí i.

Èkejì ni oògùn apako tí ń jẹ́ glyphosate. Ẹ má ṣe pò ó sínú garawa tàbí àgbá páànù. Oògùn náà a máa jẹ páànù, èémí tí a kò lè fojú rí a sì kó sínú àgbá. Bí iná sìgá lásán bá kàn án, ó lè bú gbàù. Ike ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: hóró oògùn aluminium phosphide tí a fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan ti tó láti mú kí ó tú èémí olóró jáde. Bí omi bá dà sí i, ó lè gbiná. Ẹ má ṣe gbé e sí ilé tí ènìyàn ń sùn, nítorí èémí náà a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Ẹni tí ó kọ́ ìlò rẹ̀ nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn án.

Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Ẹ jẹ́ kí oògùn kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò tirẹ̀, kí ó sì wà nínú ìgò tí ó bá wá, nítorí ara ìgò náà ni ìkìlọ̀ wà. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ pe ọmọ yín tí ó mọ̀wé, tàbí kí ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín, kí ẹ tó po ohunkóhun. Bí èémí bá ti jáde, ẹ má ṣe dúró wò ó: ẹ bọ́ síta, kí ẹ sì gbé ẹni tí ó fà á símú lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.