Ilé Ni Ká Wò Kí A Tó Fún Ọmọ Lóògùn

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi tí mo ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní dìsípẹ́nsárì, mo ti wá rí i pé ilé kan náà ló yẹ kí a wò kí a tó fún ọmọ lóògùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti ètò àdúgbò ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe bi mí pé kí ni nọ́ọ̀sì ń wá nínú ọ̀rọ̀ bíríkìlà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná.

Ìyàwó ilé kan wà tó máa ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Lónìí àbúrò ló ń wúkọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀gbọ́n ni. Ọmọ mẹ́ta, káàdì mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì ti kún fún àkọsílẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó lágbára." Mo bi í pé ènìyàn mélòó ló ń sùn nínú yàrá wọn. Ó ní mẹ́fà: òun, ọkọ òun, àwọn ọmọ, àti ìyá ọkọ òun. Mo ní, "Màmá ńkọ́, ṣé ara wọn le?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n máa ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní ikọ́ àgbà ni."

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo bá a dé ilé. Irú ilé tí a ń pè ní "face-me-I-face-you" ni: kọ́rídọ̀ gbọọrọ kan la àárín já, yàrá márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá tiwọn ní, onílé sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé níbẹ̀. Mo na ọwọ́ mi jáde lójú fèrèsé, mo fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Aago méjì ọ̀sán ni, iná ni wọ́n sì tàn kí n lè rí ojú Màmá. A mú Màmá lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ikọ́ ife ni.

Kì í ṣe àìsí fèrèsé ló ń bí ikọ́ ife o. Kòkòrò kan ló ń fà á, èyí tí Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ṣàwárí ní ọdún 1882. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní i bá wúkọ́ nínú yàrá, kòkòrò náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé lápá kan tó sì ń jáde lápá kejì, yóò gbá a lọ, ìtànṣán oòrùn náà a sì máa pa á. Bí kò bá sí ọ̀nà àbájáde, ohun tí Màmá wú jáde ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fà símú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo lè fún wọn ní ìgò oògùn ikọ́ mẹ́wàá, inú yàrá yẹn náà ni wọn yóò padà sí.

Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti ní rí ọ̀nà jáde. Fèrèsé méjì lára ògiri kan náà kò tó ọ̀kan lára ògiri yìí àti ọ̀kan lára ògiri tó kọjú sí i. Ooru a sì máa lọ sókè, nítorí náà ihò kékeré tó súnmọ́ àjà wúlò púpọ̀. Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 144. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, ó kéré tán, ló yẹ kó ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ìyẹn 14 àti díẹ̀. Fèrèsé 4 sí 4 jẹ́ 16, ó tó. Ṣùgbọ́n fèrèsé onígíláàsì tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, tó gbòde lóde òní, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Ẹ ti sanwó 16, ẹ gba 8. Lúfà àtijọ́ tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán.

Àwọn baba wa kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ayàwòrán ilé, ṣùgbọ́n agbo ilé wọn ní àgbàlá láàárín tó ṣí sí ojú ọ̀run, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, yàrá sì kọjú sí i. Òkùnkùn wà nínú yàrá wọn, n kò ní purọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé lójú mọmọ. Yàrá wà fún ẹrù àti oorun. Àwa mú àgbàlá kúrò, a fi kọ́rídọ̀ rọ́pò rẹ̀, a wá ń jẹun, a ń kàwé, a sì ń tọ́jú aláìsàn nínú yàrá ẹrù.

Ẹni tó ń múra àtikọ́lé, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń fìyà jẹ wá jù, ògiri ìwọ̀-oòrùn a sì máa gbóná di òru. Ilé ìwẹ̀ tàbí yàrá ẹrù ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe yàrá ìyá ọmọ tuntun. Atẹ́gùn òjò, láàárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Ẹ ṣí fèrèsé sí i, kí òrùlé sì yọ sóde dáadáa, kí ó má baà jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú ni ẹ ó máa sáré ti gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Florence Nightingale, ìyá àwa nọ́ọ̀sì, ka ohun márùn-ún tó ń mú ilé lera sínú ìwé rẹ̀, Notes on Nursing, ní 1859: afẹ́fẹ́ tó mọ́, omi tó mọ́, ojú àgbàrá tó ń ṣàn, ìmọ́tótó àti ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo kọ́ wọn sórí fún ìdánwò. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọwọ́ ẹni tó kọ́ ilé ni mẹ́rin nínú wọn wà. Ìmọ́tótó nìkan ló kù sọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, òun náà là ń bá wí lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni fèrèsé mẹ́wàá fẹ́ ṣe bí ògiri aládùúgbò bá dí i? Àyè tí àwọn aláṣẹ ètò ìlú ní kí a fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ilé, ọ̀pọ̀ wa kà á sí ilẹ̀ tó ṣòfò. Ọ̀nà atẹ́gùn ni. Ó ń dá iná dúró kí ó má fò láti òrùlé kan sí èkejì, ibẹ̀ sì ni a ń gbé aláìsàn gbà. Mo ti bá wọn fi àga gbé aboyún tó ń rọbí jáde nínú àdúgbò kan tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, tí ènìyàn méjì kò sì lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní orígun kan a ní láti yí àga náà sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú obìnrin náà lórí rẹ̀. N kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Èkó ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ọdún 1924, àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ń gbé wọ ara ènìyàn, ó sì bá wọn fínra fún ọdún mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, láti tún àwọn àdúgbò tó há ṣe. Ní 1955 wọ́n gbé ètò kalẹ̀ láti wó ilé púpọ̀ ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1961, fi hàn pé àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà pàdánù oníbàárà, ìyá jìnnà sí ọmọ, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oúnjẹ. Èmi fẹ́ kí àyè wà. Àmọ́ ìyá tí kò rówó ra ẹja kò lè fi atẹ́gùn bọ́ ọmọ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń yàwòrán òpópónà ro ibi tí ọjà yóò wà.

Ní ti omi, ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ́ ilé wa lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, a gbẹ́ kànga sẹ́yìn, a fi sókàwéè síwájú. Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi, mo sì ń yangàn. N kò wo ẹ̀yìn ògiri ọgbà. Aládùúgbò wa tó wà lẹ́yìn ti fi sókàwéè sí ẹ̀yìn ilé tirẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ sí kànga wa. Ọmọ mi kejì ló jìyà rẹ̀: ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ọjọ́ mọ́kànlá lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní nípa omi ni mo jókòó tì í. Nígbà tí a gbé omi kànga náà lọ fún àyẹ̀wò, kòkòrò inú ìgbẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ìfọṣọ la ń lò ó fún báyìí.

Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 ni a ń fẹ́ láàárín kànga àti ṣáláńgá tàbí sókàwéè. Lórí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50, níbo ni ènìyàn ti fẹ́ rí 100? Kò sí onílé kan tó lè dá a ṣe. Àfi kí àdúgbò pàdé pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n jọ pinnu ibi tí kànga gbogbo wọn yóò wà, tàbí kí omi ẹ̀rọ dé. Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni. Ní Soho, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1854, àrùn onígbá méjì pa ju 500 ènìyàn lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà John Snow tọpa rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀, wọ́n rí i pé kòtò ìgbẹ́ ilé kan kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí kànga náà, bíríkì rẹ̀ ti jẹrà, inú kòtò náà ni ìyá kan sì ń da omi ìdọ̀tí tó fi fọ ìlédìí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sí.

Ti àgbàrá kò gùn. Ará Ìbàdàn mọ Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, wọ́n sì mọ omíyalé ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹ má ra ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láì béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò bí omi ṣe ń gba ibẹ̀ lójò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yíká ilé dagun kúrò lára ògiri, nítorí ibi tí omi òjò bá dúró sí ni ẹ̀fọn ibà ń yé sí. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ wọ kọ́rídọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé. Ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ṣe é fojú rí, kò lóòórùn, ojú oorun ló sì ń bá ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn olóṣù mẹ́fà, èyí tí a ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, a sì yẹ àwọn ọmọ náà wò, a fún wọn ní tiwọn. Mo wá lọ kí Bàbá onílé. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ lo máa san owó ṣọ́ọ̀bù fún mi ni?" Mo ní n kò sọ pé kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, sà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹlẹ̀ ju ti ilé lọ. Bí wọ́n bá lè lu ògiri lókè níbẹ̀, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò sí i, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lókè ilẹ̀kùn tó kọjú sí kọ́rídọ̀, atẹ́gùn á rí ọ̀nà gbà. Wọn kò dáhùn. Ìgbà tí mo sọ pé yàrá tiwọn náà wà lórí kọ́rídọ̀ kan náà ni wọ́n yí ojú sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni bíríkìlà dé.

Màmá ti parí oògùn. Ìyàwó ilé náà ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará kọ́rídọ̀ bá ń sọ lóru ló ń dé etí àwọn báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ń sùn. Ní oṣù tó kọjá, ọkọ rẹ̀ wá bá mi pé àwọn ti rí ilé oníyàrá méjì, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ó ya ilé náà sẹ́yìn káàdì ọmọ rẹ̀ fún mi: fèrèsé níhìn-ín, fèrèsé lọ́hùn-ún, kànga, sókàwéè. Mo ní kó lọ wọn àárín kànga àti sókàwéè wá. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹsẹ̀ bàtà 40 ni, onílé náà kò sì ní omi mìíràn. Mo ní kó tọ́jú owó rẹ̀, kó ṣì máa wá ilé lọ.