Èso Igi Óákù: Sùúrù Ní Í Mú Ìkorò Lọ

Igi óákù ni orí Ábúsálómù há sí. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé èso rẹ̀ ṣeé jẹ? Láti ayébáyé ni àwọn onílẹ̀ California, bí àwọn Miwok àti Pomo, ti ń ṣà á. Wọn a sá a, wọn a pa á, wọn a gún un kúnná, wọn a sì da omi sí i léraléra títí ìkorò yóò fi lọ, bí a ti ń fọ ewúro. Inú agbọ̀n ni wọ́n ti ń sè é bí ògì, pẹ̀lú òkúta gbígbóná.

Ẹ̀yin òbí tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìfọ̀ ọ́. Ó lè da inú wọn rú. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá ṣì korò, ẹ tún omi dà. Nínú ilé wa pẹ̀lú, sùúrù ní í sọ ohun kíkorò di oúnjẹ.