Iṣẹ́ Olùra-Àwòrán ní Ilé-Iṣẹ́ Ìpolówó
Bí àwòrán bá ń fani mọ́ra lójú pátákó ìpolówó, ayàwòrán nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́. Olùra-àwòrán ló wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu, tó bá a dúnàá-dúrà, tó sì gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ hàn. Ojú tó mọ ẹwà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mọ òfin. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, owó nìkan kò sọ ẹ̀tọ́ di ti asanwó, àfi bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán, ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: níbo ni wọn yóò ti lò ó? Fún oṣù mélòó? Ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ dìjà.