Àkurákudà àti stingray inú odò: Ohun tó yẹ kí ẹlẹ́ja mọ̀ kó tó náwó lé wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹja yan tà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko mọ̀ pé èrè ẹja ò dọ́gba. Lára àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò dáadáa ni àkurákudà àti stingray, ìyẹn ẹja pẹlẹbẹ tí ìrù rẹ̀ gùn bíi pàṣán. Ìbátan ni wọ́n: eegun àwọn méjèèjì rọ̀ bíi ti etí èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Òkun ni ilé àkurákudà tí wọ́n ń pè ní bull shark, àmọ́ ó lè wọ inú odò tí kò níyọ̀. Ó lè gùn ju mítà 3 lọ. Stingray tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fontitrygon garouaensis kì í gbé inú òkun ní tiẹ̀. Odò Ọya àti Benue wà lára ibùgbé rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì sábà ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Bí wọ́n bá gbé stingray láti òkun wá s'Ọ́jọ̀ọ́, oríṣi mìíràn nìyẹn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni yùríà, irú èyí tó wà nínú ìtọ̀. Ó pọ̀ nínú ẹran àkurákudà. Ti stingray inú odò kéré sí ti àwọn ẹja òkun. Bí ẹran náà bá pẹ́ láìsí yìnyín, yóò máa rùn bí ìtọ̀, oníbàárà ò sì ní rà á. Gbàrà tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì kó o sínú yìnyín.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún ìrù stingray, torí oró wà níbẹ̀ bí ẹja náà tilẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá gún gbọ́dọ̀ ki ojú ọgbẹ́ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kó sì lọ sí ọsibítù.

Àrọ̀ kan ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Bull shark máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 10 sí 11, ọmọ 1 sí 13 ló sì ń bí. Stingray náà ń bímọ ni, kì í yé ẹyin. Ìdí nìyí tí ewu ìparun fi ń dojú kọ àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ta lẹbẹ àkurákudà sókè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, nítorí ìpinnu tí àpérò CITES ṣe ní Panama lọ́dún 2022 kan bull shark náà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ má fi ẹja méjèèjì ṣe òpó òwò yín. Àrọ̀ tó ṣe é sìn ló lè wà lórí àtẹ lójoojúmọ́.