Òkun Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri: Kí Ni Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Ilé Ìwòran Ẹja Ń Rà?

Láti Sípéènì títí dé Gíríìsì, ilé ìwòran ẹja ti di ara ohun tí àwọn ìlú ìgbafẹ́ etí Òkun Mẹditaréníà fi ń pe àlejò. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn bá mú jù, àwọn ìdílé tó wá lo ìsinmi á tò sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará wa tó ti Ìlú Ọba wá náà á wà lórí ìlà, torí inú ilé náà tutù, ó ṣú díẹ̀, ara àwọn ọmọdé sì máa ń balẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á sanwó, wọ́n á rìn kọjá níwájú dígí kan sí òmíràn, wọ́n á sì gba ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré jáde. Òkun fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ ká bi àwọn ilé wọ̀nyí ni pé kí ni wọ́n ń fi hàn wá nípa òkun yẹn tí a kò lè rí fúnra wa? Èrò mi ni pé èyí tó yẹ ká sanwó fún ni èyí tó ń fi òkun àdúgbò rẹ̀ hàn bó ṣe rí gan-an lónìí, tó sì ń ná nínú owó tó ń pa láti fi wádìí òkun náà. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìran lásán ló ń tà, bó ti wù kó pe ara rẹ̀ ní olùdáàbòbò òkun tó.

Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe tuntun. Orí rẹ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè náà. Ní nǹkan bí ọdún 1832, ní Messina ní erékùṣù Sísílì, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jeanne Villepreux-Power, ṣe àpótí onígíláàsì tó ń gba omi òkun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá argonaut, ẹ̀dá kan tó bá ọ̀kítópọ́ọ̀sì tan, ló ń ṣe karahun tó ń gbé fúnra rẹ̀, àbí ó jí i lọ́wọ́ ẹ̀dá mìíràn ni, torí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí rẹ̀ tipẹ́. Inú àpótí yẹn ni ìdáhùn ti jáde: òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bó bá sì fọ́, ó ń tún un ṣe. Ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1872, Anton Dohrn, onímọ̀ nípa ẹranko ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìwádìí rẹ̀ sí Naples, ó sì ṣí ilé ìwòran ẹja tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún aráyé ní 1874. Ìṣirò Dohrn ni pé àwọn tó wá gbafẹ́ ní Naples á sanwó wo ẹja nísàlẹ̀, owó náà á sì ṣèrànwọ́ láti gbọ́ bùkátà iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó wà lókè. Ohun tó ń gbé inú omi Naples ni wọ́n kó síbẹ̀. Ìtàn tó tẹ̀ lé e kò gba àlàyé púpọ̀: láti nǹkan bí ọdún 1990, àwọn ìlú èbúté tó fẹ́ sọ ibùdókọ̀ ojú omi àtijọ́ di ibi ìgbafẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ràgàjì tó ní ògiri ike mímọ́ kedere, wọ́n kó ẹja ekurá àti ẹyẹ penguin sínú rẹ̀, ìṣirò Dohrn sì di ohun tí a kì í sábà gbọ́ mọ́.

Lóde òní, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá bi wọ́n ni pé àwọn ń dáàbò bo òkun, ìjàpá òkun ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Mẹditaréníà, Caretta caretta, máa ń kó sínú àwọ̀n, ó máa ń gbé ìwọ̀ mì, ó sì máa ń jẹ ọ̀rá tó bá rò pé oúnjẹ ni. Ilé ìwòran tó bá ní dókítà ẹranko á gbà á, á yọ ìwọ̀ náà, á tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá, á sì dá a padà sómi níṣojú àwọn ọmọ ilé ìwé. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó bó ti tó. Ìdíwọ̀n kan tó jáde ní 2011 sọ pé ó ju ìgbà 130,000 lọ lọ́dún tí ìjàpá òkun ń kó sọ́wọ́ apẹja ní Mẹditaréníà, àti pé èyí tó ń bá a kú ju 40,000 lọ. Ilé ìtọ́jú tó bá ṣe gudugudu méje, iye tó lè gbà lọ́dún kò ju ìba díẹ̀ lọ lára wọn. Ohun tó lè dín ikú náà kù ni ìwọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́nà tí ìjàpá kò fi ní tètè gbé e mì, ihò àbáyọ lára àwọ̀n, àti kí àwọ̀n má pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ọwọ́ ìjọba àti àwọn apẹja nìyẹn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tuna ńlá tí wọ́n ń pè ní bluefin: nígbà tó dín kù débi tí ẹ̀rù fi ba àwọn onímọ̀, àdínkù tí ICCAT, àjọ tó ń bójú tó pípa tuna, mú bá iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè pa ló mú kó tún pọ̀. Ẹja grouper aláwọ̀ ilẹ̀ náà ti padà sí Port-Cros ní gúúsù Faransé, erékùṣù tí wọ́n sọ di ọgbà ìjọba ní 1963, ìjọba sì fòfin de fífi ọ̀kọ̀ pa á ní etíkun wọn ní 1993. Kì í ṣe inú táǹkì ni ìkankan nínú àwọn méjèèjì ti rí ìgbàlà.

Wọ́n á dáhùn pé òfin kì í dédé wáyé, àfi bí aráàlú bá nífẹ̀ẹ́ òkun, àti pé àwọn ni wọ́n ń gbin ìfẹ́ náà. Ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn náà ti ládùn lójú mi, ju ti ẹja lámùsóò tí wọ́n fi ń ṣeré fún èrò lọ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí Faransé sì ti ṣòfin lé lórí ní 2021 pé eré wọn gbọ́dọ̀ dópin. Ní 2007, ẹgbẹ́ àwọn ọgbà ẹranko àti ilé ìwòran ẹja Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó sọ pé àbẹ̀wò ń yí èrò àwọn àlejò nípa ẹranko padà sí rere. Ní 2010, àwọn onímọ̀ mìíràn tú ìwádìí náà palẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò lè gbé ìpinnu bẹ́ẹ̀ ró, torí ẹni tí ẹ bá bi léèrè nínú ilé yín máa ń mọ ìdáhùn tí ẹ fẹ́ gbọ́. Àwọn ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà rí i pé àwọn àlejò ń kọ́ nǹkan díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé wọ́n ń yí ìwà wọn padà nígbà tí wọ́n bá délé ṣì ṣọ̀wọ́n. Èmi kò torí ìyẹn sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tí wọ́n ń kọ́ni, torí ìfẹ́ ẹja ekurá láti òkun mìíràn kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tó fi ń wẹ̀.

Ẹ wo Posidonia oceanica, koríko abẹ́ òkun tí kò sí níbòmíràn láyé àyàfi Mẹditaréníà. Ó ń yọ òdòdó, ó ń so èso, ìtàkùn rẹ̀ sì ń tàn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré lọ́dún, débi pé ìdákọ̀ró ọkọ̀ ìgbafẹ́ lè fi ọ̀sán kan fa ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún láti hù tu. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ń sá sí, òun ló ń di iyanrìn mú, ó sì wà lára ohun tó mú kí omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi fọ́tò rẹ̀ polówó ìsinmi. Àwọn ewé rẹ̀ tó ti kú máa ń wó jọ sí etíkun. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n á fi ẹ̀rọ kó o kúrò kí àwọn àlejò tó dé, torí wọ́n kà á sí ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ òkìtì ewé yẹn ló ń gba ìgbì dúró kó má baà kó iyanrìn lọ. Àlejò tó bá kọ́ èyí á fi ojú mìíràn wo etíkun ní ọjọ́ kejì, bó bá sì háyà ọkọ̀ ojú omi, á mọ ibi tí kò yẹ kó ju ìdákọ̀ró sí. Ìmọ̀ tó wúlò kíákíá nìyẹn. Síbẹ̀, ìpín Posidonia nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòran kò ju pátákó kan lára ògiri lọ, torí ó ṣòroó tọ́jú nínú táǹkì, kò sì ní eyín tó lè dẹ́rù bani. Bákan náà ni ti ọ̀kítópọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n ń wò lọ́sàn-án, irú rẹ̀ ni wọ́n ń yan lórí iná nílé oúnjẹ lálẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì lọ nínú àwọn agbo ẹja Mẹditaréníà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò tí wọ́n ṣì ń pa ju bó ti yẹ lọ. Pátákó tó sọ bí ọ̀kítópọ́ọ̀sì ṣe gbọ́n tó, tí kò sọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó kí wọ́n tó pa á àti irú ohun tí wọ́n fi ń mú un, fi ohun tó wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ jẹun alẹ́ sílẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Àwọn alákòóso á ní bí kò bá sí ẹja ekurá, kò ní sí èrò, bí kò bá sí èrò, kò ní sí ẹni tó máa sanwó dókítà ìjàpá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, torí Dohrn náà nílò èrò. Ṣùgbọ́n táǹkì ńlá ń jẹ owó: omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí po tọ̀sán-tòru, òmíràn gbọ́dọ̀ gbóná, ti ẹyẹ penguin gbọ́dọ̀ tutù bíi yìnyín, ẹja tó bá sì kú, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, inú òkun ni wọ́n sì ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tó bá ń fi owó ìtọ́jú òkun ṣàwíjàre, kó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà, nínú yúrò kọ̀ọ̀kan tó gbà, èló ló lọ sórí ìwádìí àti ìtọ́jú, èló ló padà sínú táǹkì. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè fi awò ojú wọ inú òkun lọ wo nǹkan: ọmọ ọdún mẹ́rin ńkọ́, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́, àgbàlagbà tí kò mọ omi wẹ̀ ńkọ́? Mo gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ náà sì gbè mí lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n nílò kí dígí yẹn fi òkun ibẹ̀ hàn wọ́n, torí wọn ò lè rí i lọ́nà mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òkun ibẹ̀ kò lẹ́wà tó, kò tíì wò ó dáadáa. Grouper tó ń gbé ibẹ̀ máa ń jẹ́ abo nígbà èwe, kó tó di akọ nígbà tó bá dàgbà. Akọ ẹṣin òkun ló ń lóyún tó sì ń bímọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn-án sọ, àwọn yẹn tó láti mú èrò dúró níwájú táǹkì.

Kíkó ẹ̀dá òkun mìíràn wá tún léwu ní ti gidi. Ní 1984, wọ́n rí ewé inú omi kan, Caulerpa taxifolia, tó tẹ́ ní nǹkan bíi mítà kan níbùú lóròó lábẹ́ ilé ìwòran kan ní Mónákò. Irú rẹ̀ tí wọ́n ti ń gbìn sínú táǹkì fún ẹwà ni. Ó tàn dé etíkun Faransé, Ítálì, Sípéènì àti Croatia, ó sì bo ibi tí Posidonia àti ewé mìíràn ń gbé. Àwọn ènìyàn jiyàn kíkan lórí ẹni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìwádìí àbùdá fi hàn lẹ́yìn náà pé èyí tó wà nínú òkun àti èyí tó wà nínú táǹkì jẹ́ ọ̀kan náà. Ewé náà ti dín kù gan-an lónìí. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ yẹ lára ògiri gbogbo ilé ìwòran àgbègbè náà. Ó yẹ kí ti Pinna nobilis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀dá oníkarahun kan tó lè gùn ju mítà kan lọ, tí Mẹditaréníà nìkan ní. Láti 2016 ni kòkòrò àrùn kan ti ń pa á lọ rẹpẹtẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù, nínú ọ̀sà àti ẹnu odò. Àwọn onímọ̀ ti kó díẹ̀ sínú táǹkì, wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe jẹ́ kó bímọ níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ kan bá wà níbi tí táǹkì ti lè ṣe ohun tí òfin nìkan kò lè ṣe, òun nìyí, ẹ̀dá ibẹ̀ sì ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó wá láti òkèèrè.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù fún èrò mi, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: kí gan-an ni òkun ibẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ipa odò Suez ní 1869, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ̀dá ti gba ibẹ̀ wọlé láti Òkun Pupa, omi tó sì ń gbóná sí i ń jẹ́ kí wọ́n rí ibi jókòó. Ẹja lionfish tí ẹ̀gún rẹ̀ ní oró ti gbilẹ̀ láti 2012 ní Lẹ́bánónì àti Kípírọ́sì. Lagocephalus sceleratus, ẹja kan tí májèlé inú rẹ̀ lè pa ènìyàn, ń já àwọ̀n àwọn apẹja, débi pé ìjọba Kípírọ́sì ń sanwó fún ẹni tó bá mú un wá. Ilé ìwòran tó bá fi òkun àdúgbò rẹ̀ hàn láìsí lionfish nínú rẹ̀ ń fi òkun ìgbà àwọn bàbá hàn. Èyí tó bá fi í síbẹ̀ láìṣàlàyé ń jẹ́ kí àlejò rò pé ọmọ onílé ni. Ojú méjèèjì ló yẹ ká rí. Kí táǹkì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àkọlé ọ̀kan sọ bí etíkun náà ṣe rí ní 1960, kí ti èkejì sọ bó ṣe rí lọ́dún tí àlejò san owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ohun tó wà nínú èkejì yẹn lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn apẹja ìlú náà bá ń kó wálé.