Òótọ́ àbí irọ́? Ọ̀dọ́langba tó ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀

Ẹ dúró ní Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn iná ọdún 2020, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń bá ìyá aládùúgbò palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, tí kò retí owó. Àwọn èèyàn a sì máa sọ oríṣiríṣi nípa rẹ̀.

“Ọmọ tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Irọ́. Lọ́dún 1995, Daniel Hart àti Suzanne Fegley tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀dọ́ 15 ní ìlú Camden, Amẹ́ríkà, tí àwọn aráàdúgbò tọ́ka sí pé wọ́n ń ṣaájò ẹlòmíì gan-an. Wọ́n gbé ọ̀ràn tó ta kókó síwájú àwọn ọ̀dọ́ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìdájọ́ wọn kò jinlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ! Ìgbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ irú ẹni tí òun jẹ́ ni ìyàtọ̀ yọjú: ọ̀rọ̀ ìwà àti ìṣaájò ni àwọn ọmọ yìí fi júwe ara wọn, ohun tí òbí wọn ń fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ lè gba máàkì gbogbo nínú Ẹ̀kọ́ Bíbélì, kó sì jókòó máa wo ìyá àgbà lábẹ́ ẹrù. Èmi náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

“Àṣà òyìnbó ni.” Irọ́ pátápátá. Ta ló kọ́ àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀?

“Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi dandan mú ọmọ ṣe kì í yí i padà.”

Ó kù díẹ̀ káàtó. Nínú ìwé tí James Youniss àti Miranda Yates kọ lọ́dún 1997, dandan ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé Kátólíìkì kan ní Washington láti lọ bu oúnjẹ fún àwọn aláìnílé. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ebi fi ń pa èèyàn nínú ìlú ńlá, àti ipa tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jókòó jíròrò ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá pẹ́ dé ilé-ìwé la ń ní kó lọ gé koríko. A ti sọ iṣẹ́ ìlú di ìyà, a wá ń bínú pé ọmọ ń sá fún un.

Bí ọmọ yín bá pẹ́ dé láti Akẹ̀sán lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó jágbe mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ẹrù ta ló bá rù.